Súpáfáísọ̀ mi dá àkòrí mẹ́ta padà. Kí ni wọ́n fẹ́ gan-an?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọdún kẹrin ni mo wà, ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kà ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tó wà ní Ìbàdàn níbí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti mú àkòrí projẹ́ẹ̀tì lọ bá súpáfáísọ̀ mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n dá a padà. Àkọ́kọ́ ni "Ìtàn Ìṣòwò ní Ìbàdàn láti 1829 títí di Òní". Ìkejì ni "Ipa Obìnrin nínú Ìtàn Yorùbá". Ìkẹta ni "Omíyalé àti Ìdàgbàsókè Ìlú Ìbàdàn". Ìyá ìyá mi tó ń tajà létí odò Ògùnpa nígbà omíyalé náà ló fi ìtàn yẹn sí mi lọ́kàn. Bíírò pupa ni súpáfáísọ̀ mi fi kọ ọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lára pé: "Ó fẹ̀ jù. Kí ni ìbéèrè rẹ?" Ó dà bíi pé wọ́n kórìíra mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Àgbówó ní kí n lọ ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán, kí n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mà.

Ìdáhùn

Ọmọ mi, o kú ìsapá, o sì kú ìrọ́jú. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó ń bà ọ́ lẹ́rù jù kúrò nílẹ̀: ọ̀gá rẹ kò kórìíra rẹ. Olùkọ́ tí kò bá rí ti akẹ́kọ̀ọ́ rò á buwọ́ lu àkòrí àkọ́kọ́ tó bá gbé wá, á ní kó máa lọ, ó di ọjọ́ dìfẹ́ǹsì kí ojú akẹ́kọ̀ọ́ náà tó là. Ẹni tó jókòó ka tìrẹ, tó mú bíírò, tó sì bi ọ́ léèrè, iṣẹ́ rẹ ló ń ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé wọ́n bi ọ́ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, o kò sì dá wọn lóhùn rí. Bí wọ́n bá ti dá àkòrí kan padà, o ti lọ wá òmíràn nìyẹn. Kì í ṣe àkòrí ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ.

Wo èyí àkọ́kọ́ yẹn. Láti ìgbà tí àwọn jagunjagun ti tẹ Ìbàdàn dó, dé ìgbà tí réluwéè wọ ìlú ní 1901, dé ayé kòkó, dé ayé àwọn Kòráà onáṣọ, ìyẹn àwọn ará Lẹ́bánónì àti Síríà, ní Gbági, dé ọjà Bódìjà tòní. Ẹni tó bá fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe é kò ní ṣe é tán, ká má tíì sọ ti ẹni tó ní sẹ̀mẹ́sítà méjì. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé wàá ka ìwé mẹ́fà, wàá bu díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wàá so wọ́n pọ̀. Àkójọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìwádìí.

Lórí ìkejì, mi ò ní pẹ́. Obìnrin wo? Ìlú wo? Ìgbà wo? Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde tí wọ́n pa ní 1874, àti ìyá alákàrà tó wà lẹ́nu géètì yín, obìnrin nínú ìtàn Yorùbá ni àwọn méjèèjì.

Ìkẹta ló sún mọ́ ọn jù. Àmọ́ bó o ṣe gbé e kalẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó lè bá ọ jiyàn. Pé omíyalé ba ìlú jẹ́, ta ni yóò sọ pé rárá? Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí mò ń tọ́ nìyí: bí o bá sọ ìbéèrè rẹ fún ẹni tó lóye, tó sì ti mọ ìdáhùn kó o tó dákẹ́, kò tíì di ìbéèrè ìwádìí. Ìbéèrè ìwádìí ni èyí tí ìwọ fúnra rẹ kò mọ ìdáhùn rẹ̀, tó lè já sí bẹ́ẹ̀ ni, tó sì lè já sí bẹ́ẹ̀ kọ́, tó tún wá jẹ́ pé ibì kan wà tó o lè fẹsẹ̀ rìn dé láti lọ mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ìlú yìí gan-an á jẹ́ kí ó yé ọ. Ní 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun wà lára àwọn aṣíwájú wọn, àti àwọn ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé tó máa ń mú àgbàlagbà. Wọn ò sọ pé àwọn fẹ́ ṣe ìwádìí "àrùn ọpọlọ ní ilẹ̀ adúláwọ̀". Ìbéèrè wọn ní ààlà: àwọn Yorùbá tó ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìdíkàn, àti àwọn adúláwọ̀ ẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis, ọ̀dọ̀ ta ni àrùn yìí ti ń wọ́pọ̀ jù? Àdúgbò kan ní Ìbàdàn, ìlú kan lókè òkun, ọjọ́ orí kan. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001, iye àwọn tí àrùn náà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún ní Ìdíkàn kò tó ìdajì ti Indianapolis. Kò sẹ́ni tó rò ó tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí dájú. Ìdí tí wọ́n fi lọ wò ó nìyẹn.

Ibi tó kan ìwọ tó ń ka ìtàn nínú rẹ̀ rèé, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá ń sọ ọ́. Báwo lo ṣe fẹ́ mọ ọjọ́ orí ìyá arúgbó tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀? Àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ ìgbà àtijọ́ tí Ajayi àti Igun ti ṣe ní 1963 ni wọ́n mú lò. Wọ́n á fi ìṣẹ̀lẹ̀ tí ìyá náà rántí ṣe òdiwọ̀n, wọ́n á sì ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ láti ibẹ̀. Ogunniyi àti Osuntokun tiẹ̀ kọ́kọ́ yẹ àkójọ náà wò bóyá ó ṣeé fọkàn tán, wọ́n sì gbé ìyẹn náà jáde ní 1993. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ẹ̀kọ́ ìtàn kò wúlò. Òun ló bá àwọn dókítà ṣírò.

Ó yá, ká padà sí lẹ́tà rẹ. Ohun tó dára jù nínú rẹ̀, gbólóhùn kan lo fi sọ ọ́, o sì kọjá lọ: ìyá ìyá rẹ ń tajà létí Ògùnpa nígbà omíyalé. Ibẹ̀ ni projẹ́ẹ̀tì rẹ wà.

Omíyalé yẹn, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni, ọjọ́ Àìkú. Ògùnpa ti kún kọjá ààlà ṣáájú ìgbà náà, ní 1960, ní 1963 àti ní 1978, ṣùgbọ́n ti 1980 burú ju gbogbo wọn lọ. Ó gbé èèyàn, ó wó ilé, ó kó ọjà lọ, ó sì ba ọgbà ẹranko Agodi jẹ́. Ìyẹn la mọ̀. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kó o béèrè. Ìyá tí aṣọ rẹ̀, tàbí elùbọ́ rẹ̀, tàbí àwo rẹ̀ bá omi lọ lọ́jọ́ Àìkú, báwo ló ṣe padà sọ́jà? Owó ta ló fi ra ọjà mìíràn?

Kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: "Lẹ́yìn omíyalé 1980, níbo ni àwọn obìnrin oníṣòwò etí Ògùnpa ti rí owó tí wọ́n fi padà sẹ́nu òwò, láàárín 1980 sí 1983?" Mo fi 1983 dé e lórí nítorí pé ọdún yẹn ni ìjọba alágbádá ìgbà náà dópin. Bí o bá ní ìdí tó dára, o lè mú ọdún mìíràn. Ṣùgbọ́n kó ní ìbẹ̀rẹ̀, kó ní òpin.

Wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jinlẹ̀ ní kété tó o bi í bẹ́ẹ̀. Mú èsúsú nìkan. Ká ní obìnrin mẹ́wàá ń dá a, tí wọ́n sì ń kó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kó tirẹ̀ ní oṣù keje ti fi ra ọjà, ọjà wà ní ṣọ́ọ̀bù, omi gbé e lọ. Ọjà ò sí mọ́, síbẹ̀ gbèsè ẹgbẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, torí ó gbọ́dọ̀ máa dá a lọ títí ẹni ìkẹyìn á fi kó. Ẹni tí kò tíì kó ńkọ́? Òun náà pàdánù ọjà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bí wọ́n bá lè san án. Omi kan náà ló gbé ọjà àwọn méjèèjì, ipò tí wọ́n wà lọ́jọ́ kejì kò sì dọ́gba rárá. Kí wá ni ẹgbẹ́ ṣe? Ṣé wọ́n dá èsúsú dúró ni? Ṣé wọ́n tún ètò tò kí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́ jù lè kó ṣáájú? Àbí ẹgbẹ́ tú, tí ọ̀rọ̀ di ti ìyálọ́jà? Alájọ tó ń gba owó ojoojúmọ́ ńkọ́? Bí káàdì bá ti rin gbìndìn, ta ló mọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti dá? Kì í sì ṣe gbogbo èèyàn ló ní ẹgbẹ́. Àwọn kan á ti yá owó sógundógójì, àwọn kan á ti gba aṣọ àwìn lọ́wọ́ Òṣómàáló, ẹni yẹn kò sì ní gbọ́ ti omi.

Ìdáhùn rẹ̀ lè já sí pé ìjọba ló ran wọ́n lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ pé èsúsú ló gbé wọn dìde. Ó sì lè jẹ́ pé èsúsú gan-an ló ti ẹlòmíràn sínú gbèsè tí kò jáde nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Kíyè sí i pé ìṣòwò wà nínú ìbéèrè yìí, obìnrin wà níbẹ̀, omíyalé wà níbẹ̀. Àkòrí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n dá padà ló kó sínú rẹ̀, ó sì ti ṣeé ṣe.

Ibi tí wàá ti rí i ńkọ́? Bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé ìròyìn. Nigerian Tribune tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1949 ń jáde ní Ìbàdàn nígbà yẹn, Daily Sketch náà ń jáde. Lọ béèrè àwọn ti oṣù kẹsàn-án 1980 ní Ilé Ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Láti 1950 ni òfin ti ní kí àwọn òǹtẹ̀wé máa fi ẹ̀dà ohun tí wọ́n bá tẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Má ka ojú ewé iwájú nìkan, ohun tí àwọn gómìnà àti kọmíṣọ́nnà sọ ló máa ń kún ibẹ̀. Lẹ́tà àwọn òǹkàwé, ìkéde, ìpolówó ọjà: inú wọn lo ti máa rí ẹni tó ń ké pé òun kò rí ìrànwọ́ gbà, àti ẹni tó ń ta ọjà tí omi kàn ní ẹ̀dínwó.

Ilé àkójọ ìwé ìjọba tí gbogbo èèyàn ń pè ní National Archives, inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn náà ló wà. Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìkàwé yẹn, náà ló ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ní 1951 ni wọ́n ní kó lọ wo ipò tí àwọn ìwé ìjọba wà káàkiri, ohun tó rí ló sì bí ilé náà ní 1954, kó tó wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì náà. Ìwé ayé amúnisìn ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà má lọ wá 1980 níbẹ̀. Odò náà fúnra rẹ̀ ni kó o lọ wá. Béèrè àwọn fáìlì ẹkùn Ìbàdàn àti ẹkùn Ọ̀yọ́ ayé amúnisìn, tí àmì wọn jẹ́ Iba Prof àti Oyo Prof, kó o wo ohun tí wọ́n ń kọ nípa ilé kíkọ́ àti ọjà títà létí omi. Ojú ewé mẹ́rin péré ni ìyẹn máa jẹ́ nínú iṣẹ́ rẹ, àmọ́ wọ́n á jẹ́ kí ẹni tó ń kà á mọ̀ pé ewu yẹn ti pẹ́. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹ̀ka rẹ, mú káàdì akẹ́kọ̀ọ́ dání, mú pẹ́ńsùlù. Kí o sì kọ nọ́ńbà fáìlì sílẹ̀ kó o tó kọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn ìyá wọ̀nyí gan-an ni iṣẹ́ rẹ dúró lé lórí. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà ti lé ní àádọ́rin báyìí, nítorí náà má fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Ìyá ìyá rẹ ni kó mú ọ dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Bó o bá dá lọ, wọ́n á rò pé agbowó-orí ló rán ọ wá. Kúnlẹ̀ kí wọn, sọ ọmọ ẹni tó o jẹ́, sọ ohun tó o wá ṣe, gba ìyọ̀ǹda kó o tó tan fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, má bi wọ́n pé, "Mà, báwo ni omíyalé ṣe nípa lórí ètò ọrọ̀ ajé yín?" Wọ́n á ní Ọlọ́run ló kó àwọn yọ, ó parí. Sọ pé, "Mà, ilẹ̀ mọ́ ní Mọ́ńdè, ẹ jáde nílé, ibo lẹ kọ́kọ́ yà sí?" Wàá rí i pé wọ́n á tún jókòó dáadáa lórí àga. Kí lẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù? Ta lẹ bá níbẹ̀? Kí lẹ rí ṣà nílẹ̀? Ó tó ìgbà wo kẹ́ ẹ tó tún pàtẹ? Kí lẹ kọ́kọ́ tà? Níbo lẹ ti rí owó rẹ̀? Ẹni tó ní òun ò rántí nǹkan kan, bi í ní ọjà tó kọ́kọ́ tún tà. Ọlọ́jà kì í gbàgbé ìyẹn, ibẹ̀ ni yóò sì gbà wọ inú ọ̀rọ̀ owó fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé o fipá mú un.

Yẹ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ wò, nítorí ìrántí èèyàn a máa da omi kan mọ́ òmíràn. Bí ìyá kan bá ní ọjọ́ Àìkú ni, ayé Bọ́lá Ìgè ni, ti 1980 ló ń sọ. Ìgè ni gómìnà Ọ̀yọ́ láti 1979 dé 1983. Bó bá ní ayé ṣọ́jà ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 1978. Bó bá ní ọjọ́ Jímọ̀ ni, tí àwọn ọmọ òun ń fi fóònù alágbèéká pe òun, ti ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ 2011 ló ti já wọ inú rẹ̀ yẹn. Má bá wọn jiyàn. Kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kó o wá fi àlàyé tìrẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ní Ìdíkàn náà nìyẹn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í rò. Bó bá jẹ́ ọjà nìkan lo lọ, àwọn tó padà sọ́jà nìkan lo máa bá níbẹ̀, wàá sì lọ kọ ọ́ pé gbogbo èèyàn ló padà. Àwọn tí kò lè padà mọ́ ńkọ́? Ẹni tó relé lọ dáko, ẹni tó di alágbàtà lábẹ́ ẹlòmíràn, ẹni tó fi òwò sílẹ̀ nítorí gbèsè. Ní ọ̀dọ̀ ìyá kọ̀ọ̀kan, kí ìbéèrè rẹ ìkẹyìn jẹ́: "Mà, nínú àwọn tẹ́ ẹ jọ wà níbẹ̀, ta ni kò padà? Níbo la ti lè rí wọn?" Bó o bá rí mẹ́ta péré nínú wọn, iṣẹ́ rẹ ti yàtọ̀. Ìyá méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lápapọ̀ tó fún ọdún kẹrin, pẹ̀lú alájọ kan tàbí méjì tó o bá rí wọn. Ọ̀rọ̀ gbèsè sì lágbára: ẹni tí kò bá fẹ́ kí orúkọ òun jáde, má kọ ọ́, kódà bí ìtàn rẹ̀ bá dùn jù.

Ní ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní Àgbówó, má gbọ́ tiwọn. Yàtọ̀ sí pé wọ́n lè fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì mú ọ, olùdánwò tó bá wá láti ìta lè bi ọ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo, pé ta lo bá sọ̀rọ̀, níbo lẹ jókòó sí, ó sì parí. Bákan náà ni ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn kọ̀wé lórí fóònù: kò dé ọ̀dọ̀ ìyá kankan ní Ògùnpa rí. Ohun tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ra projẹ́ẹ̀tì ti ta àǹfààní kan ṣoṣo tí ilé ẹ̀kọ́ fún un láti wádìí nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, à ń sọ fún yín ni. Ọdún kẹrin nìkan lẹ̀ ń sọ fún wa.

Má wá gbé àkòrí kẹrin lọ bá ọ̀gá rẹ o. Ojú ewé kan ni kó o gbé lọ, kó o ti tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè ni kó wà lókè, lẹ́yìn náà ìdí tí kò fi tíì ní ìdáhùn, lẹ́yìn náà àwọn tó o fẹ́ bá sọ̀rọ̀ àti àwọn ìwé tó o fẹ́ wò, pẹ̀lú oṣù tó o fẹ́ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ lásìkò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, má fi WhatsApp ránṣẹ́ láago mọ́kànlá alẹ́. Àwọn náà ń kọ́ kíláàsì, wọ́n ń máàkì, wọ́n sì ní àwọn tó ń ṣe másítà àti dókítà lọ́rùn. Ojú ewé kan ni wọ́n lè kà tán níṣojú rẹ. Ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rẹ ní sẹ̀mẹ́sítà kìíní, má dúró de ìkejì. Ìyanṣẹ́lódì 2022 mú oṣù mẹ́jọ lọ, àwọn tó ti gba ohùn sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ló rí nǹkan kọ nílé.

Bí wọ́n bá ní ó ṣì fẹ̀, ọjà kan ṣoṣo ni kó o mú, ká ní àwọn aláṣọ nìkan tàbí àwọn eléèlùbọ́ nìkan. Bí wọ́n bá ní ó ti wá kéré jù, fi ti 1978 kún un, kó o wò ó bóyá ohun tí ojú àwọn ẹgbẹ́ rí lọ́dún yẹn ti mú kí wọ́n yí ètò èsúsú wọn padà kí ti 1980 tó dé.